Ìyá kan, bàbá kan, kí ló dé tá ò fi jọra?

Ọmọ_Ìkẹyìn:
Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti di àríyànjiyàn láàárín wa. Àwa mẹ́rin ni ìyá wa bí, bàbá kan náà ló bí wa, inú ilé kan náà la ti dàgbà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tò wá sílà ẹ máa ní ọ̀rẹ́ lásán ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ga fíofío, ó dúdú, àfi bíi pé bàbá wa ló pọ̀ ọ́ jáde. Èmi rèé, mo kúrú, mo pọ́n díẹ̀, imú mi ò jọ ti bàbá kò sì jọ ti màmá, àwọn tó mọ ìyá bàbá mi ní imú màmá àgbà yẹn ló wà lójú mi, bẹ́ẹ̀ mi ò bá wọn láyé rí. Àwọn méjì tó wà láàárín jọra díẹ̀ àmọ́ ọ̀kan ń lo ọwọ́ òsì, kò sẹ́ni tó ń lò ó nínú ilé wa tẹ́lẹ̀. Àbúrò bàbá wa wá ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá le jù nínú tọkọtaya lọmọ ń jọ. Èmi ò gbà, torí tó bá rí bẹ́ẹ̀ ṣebí ẹnì kan náà ni gbogbo wa ì bá jọ. Báwo ni imú ṣe máa fo bàbá mi kọjá kó tó wá bà sójú tèmi? Kí ló dé gan-an tọ́mọ ìyá kan fi ń yàtọ̀ síra tó báyìí?

TíṣàBàọ́lọ́jì:
Ẹ bá mi kí àbúrò bàbá yín dáadáa, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ò bá ọ̀rọ̀ yìí tan rárá. Kódà nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ìyá àti tọmọ kì í dà pọ̀ báwọn èèyàn ṣe rò, ibi ọmọ ló wà láàárín tó ń gba oúnjẹ àti ọ́síjìn kọjá. Ohun tí òbí fún ọmọ ni DNA, okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí ìlànà bí ara ṣe máa rí wà lórí ẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi lẹ́tà kọ̀wé.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara yín, inú kókó ẹ̀, ìdì DNA tí wọ́n ń pè ní krómósómù, 46 ló wà níbẹ̀, méjì-méjì ni wọ́n, oríṣi 23, ọ̀kan láti ara bàbá, ọ̀kan láti ara ìyá. Orí wọn làwọn jíìnì wà, àwọn tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì bó ṣe máa ṣe purotéènì sì tó nǹkan bíi 20,000. Torí náà jíìnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà méjì lẹ ní (ọkùnrin ní tiẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ níbi krómósómù X àti Y, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná). Ẹ̀dà méjèèjì yìí kì í yọ́ mọ́ra wọn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà o.

Ẹni tó fi ìṣirò hàn wá ni Gregor Mendel, mọ́ńkì kan tó gbé ní Brno, ibi tó jẹ́ ilẹ̀ Czech lónìí. Láti 1856 ló ti ń gbin ẹ̀wà pea sínú ọgbà ilé ìsìn wọn, nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ló fi wà lẹ́nu ẹ̀. Ó mú ìyẹ̀fun òdòdó èyí tí kóró ẹ̀ roboto, ó fi sára òdòdó èyí tí kóró ẹ̀ hunjọ. Gbogbo kóró tó jáde roboto ni, kò sí ẹyọ kan tó hunjọ díẹ̀ tó sì roboto díẹ̀. Ẹ ò rí i pé tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń pò mọ́ra, ó yẹ ká rí ti àárín. Ó wá gbin àwọn roboto yẹn, ó jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn so, nígbà tó kà á, 5,474 ló roboto, 1,850 ló hunjọ. Mẹ́ta sí ọ̀kan. Àwọn tó hunjọ yìí sì hunjọ pátápátá, bí èyí tó kọ́kọ́ gbìn gẹ́lẹ́, ìran kan ni wọ́n fi sá pamọ́, ohun kan ò dín lára wọn. Ọdún 1866 ló tẹ̀ ẹ́ jáde, èèyàn díẹ̀ ló kà á sí, ó kú ní 1884, ó di 1900 kí ayé tó padà wá rí ohun tó ń sọ. Ó máa ń dùn mí fún ọkùnrin yẹn.

Ọ̀rọ̀ "tó le" yìí wá ńkọ́? Lọ́dún 1990 ni wọ́n rí ohun tó ń mú ẹ̀wà Mendel hunjọ. Èérún DNA kan ló já wọ àárín jíìnì tó yẹ kó bá kóró náà ṣe sítáàṣì, ó sì ba jíìnì yẹn jẹ́. Ṣúgà wá ń ṣẹ́kù nínú kóró, ṣúgà fa omi, kóró wú, tó bá gbẹ ó sún kì. Kóró tó bá ní ẹ̀dà kan tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dà kan yẹn ti tó ṣe sítáàṣì tí kóró nílò, kóró á roboto, èyí tó bàjẹ́ á kàn jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Kò sí pé ẹnì kan bá ẹnì kan jà tó sì dá a mọ́lẹ̀. Bàbá tó sanra tó lágbára bí ẹfọ̀n lè gbé ẹ̀dà tí ò ní hàn sọ́mọ lára, ìyàwó ẹ̀ tó tín-ín-rín á gbé èyí tó máa hàn.

Imú yín ṣá, imú ò rọrùn bí ẹ̀wà. Jíìnì tó ń dá sí ìrísí imú pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti gíga: ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2022 rí ojú ibi tó lé ní 12,000 nínú DNA tó ń fa èèyàn gùn tàbí kúrú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dà tí màmá àgbà fún bàbá yín wà lára bàbá yín dájú, àwọn tó gbà lọ́wọ́ bàbá tiwọn ni kò jẹ́ kó hàn, tàbí kó hàn tán. Ẹ̀yin wá gba díẹ̀ lára ẹ̀, ó pàdé ti màmá yín, imú àgbà bá jáde.

Ọmọ_Ìkẹyìn:
Ẹ ṣé gan-an tíṣà, ẹ ti là mí lójú. Àmọ́ tí àwa mẹ́rin bá gba ìdajì ìdajì lọ́wọ́ bàbá àti màmá, ṣebí ìdajì kan náà ni?

TíṣàBàọ́lọ́jì:
Rárá o, ìdajì wo? Bàbá yín ní krómósómù 46, àtọ̀ kan sì gbọ́dọ̀ gbé 23 péré, kí ti ọmọ má baà di 92. Nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan ó máa mú ọ̀kan, èyí tó gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ tàbí èyí tó gbà lọ́wọ́ bàbá ẹ̀, bó bá ṣe bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹ kọ méjì sílẹ̀ nígbà 23, kẹ́ ẹ fi gbogbo wọn lu ara wọn, ìyẹn nìkan jẹ́ oríṣi 8,388,608. Ẹyin ìyá náà ní iye tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi méjèèjì lu ara wọn ó lé ní tírílíọ̀nù 70 oríṣi ọmọ tí tọkọtaya kan ṣoṣo lè bí. Mi ò tíì ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó pínyà o. Krómósómù méjì tó jẹ́ oríṣi kan náà máa ń sùn ti ara wọn, wọ́n á gé níbi kan, wọ́n á pààrọ̀ èyí tí wọ́n gé, nítorí náà èyí tí bàbá yín gbé fún yín lè jẹ́ pé orí ẹ̀ ti màmá àgbà ni, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti bàbá àgbà. Irú ẹ̀ ò sí láyé rí kó tó dé ara yín.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá kan fi máa ń ní nǹkan bí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí òbí fún wọn papọ̀, àmọ́ àròpín ni 50 yẹn, àwọn kan sún mọ́ 40, àwọn kan sún mọ́ 60. Ó ṣeé ṣe kí DNA yín àti ti ẹ̀gbọ́n yín àgbà má wọnú ara wọn tó ti àwọn méjì àárín.

Ìyá_Àkọ́bí:
Ẹ má bínú pé mo já wọ inú ìbéèrè onílé. Èmi àti ọkọ mi AS ni wá, a ò mọ̀ ká tó fẹ́ra, àkọ́bí wa sì jẹ́ SS. Wọ́n ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ṣé ó túmọ̀ sí pé ìyẹn ti jáde, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́? Ìyá ọkọ mi ti ń sọ pé ká tètè bí òmíràn torí ewu ti kọjá.

Àǹtí_Láàbù:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á bá yín wo ọmọ náà. Rárá mà, ewu ò kọjá. Mo ń sọ ọ́ tààrà torí ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń sọ ọ́ ò sì ní ibi lọ́kàn.

Tẹ́ ẹ bá ju owó ẹyọ sókè tó ṣí orí, ẹ tún un jù, ṣé owó náà máa rántí pé orí ni òun ṣí lẹ́ẹ̀kan? Bí oyún ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yin ní ẹ̀dà A kan àti S kan, ẹyin kọ̀ọ̀kan á gbé ọ̀kan nínú méjèèjì. Ọkọ yín náà bẹ́ẹ̀. S yín lè pàdé S tiwọn nínú oyún àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkarùn-ún, ìdá mẹ́rin kan ni fún oyún kọ̀ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tó ti kọjá ò mọ èyí tó ń bọ̀. AA náà ìdá mẹ́rin kan, AS ìdajì. Tá a bá kó tọkọtaya 64 jọ tí gbogbo wọn jẹ́ AS àti AS, tí wọ́n bí mẹ́ta mẹ́ta, ohun tá a máa retí ni pé nǹkan bí 27 ò ní ní SS kankan, 37 á ní ó kéré tán ọ̀kan, ọ̀kan nínú 37 yẹn sì lè jẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ SS. Ẹlòmíì á bí márùn-ún láìrí ọ̀kan, wọ́n á ní àdúrà àwọn ló gbà, ẹlòmíì á bí méjì tí méjèèjì jẹ́ SS, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe wọ́n.

Ẹ tún wo bí ohun tó ń fà á ṣe kéré tó. Jíìnì yìí wà lórí krómósómù kọkànlá, òun ló ń ṣe apá kan himoglóbìnì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́tà DNA kan péré ló yí padà, ibi tó yẹ kí lẹ́tà A wà (kì í ṣe A inú AS o) lẹ́tà T ló wà, nínú bílíọ̀nù 3 lẹ́tà tá a gbà lọ́wọ́ òbí kan. Lẹ́tà kan yẹn mú kí wọ́n fi valine sí ipò kẹfà nínú purotéènì náà, dípò glutamic acid, méjèèjì wà lára àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n fi ń to purotéènì. Valine yìí kì í fẹ́ omi, torí náà tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára himoglóbìnì, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á di okùn gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí pẹrẹsẹ kó rọ̀ á wá tẹ̀ bíi dòjé, á le, á há sínú iṣan tín-ín-rín, ìrora dé nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó dáa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, eléyìí kì í pé 20, ìdí tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi ń tán nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá ní kí ló dé tí S ò tíì parẹ́ láyé láti ọjọ́ yìí, ibà ni. Ẹni tó jẹ́ AS, ibà tó le kì í tètè pa á lọ́mọdé bí AA. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, AS ló ń yè jù, wọ́n dàgbà, wọ́n bímọ, S sì ń bá wọn lọ. Kì í ṣe ègún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ fún yín.

Kò_Yé_Mi:
Tíṣà àti Àǹtí, gbogbo eléyìí dùn gbọ́, àmọ́ kí ẹ bá mi tú ọ̀kan. Ọkọ dúdú, ìyàwó dúdú, ọmọ jáde ó di àfín. Ẹ má sọ pé òótọ́ ló wà níbẹ̀, lójú tèmi o, ọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí ìyàwó ẹ̀ ń lọ.

TíṣàBàọ́lọ́jì:
Kò gbọ́dọ̀ béèrè ohunkóhun jàre. Kó béèrè lọ́wọ́ ara ẹ̀. Kí ọmọ tó lè jẹ́ àfín irú èyí tó wọ́pọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà tí kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá kó sì gba ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ló gbà, ẹ̀dà kan tó kù á ṣe àwọ̀ tó tó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nítorí náà àfín tó jáde láti ara òbí dúdú méjì, ṣe ló ń tọ́ka pé bàbá náà ń gbé e kiri láìmọ̀, kò ta ko ìyàwó ẹ̀ rárá. Ilé mélòó ló ti tú nítorí àìmọ̀ yìí, ó máa ń ká mi lára.

Ojú kì í ṣe àyẹ̀wò. Gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ sàn ju ojú lọ, àmọ́ òun náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Mo ti rí àwọn tó ń bú ìyàwó torí bàbá A, ìyá A, ọmọ O. Kò sí wàhálà níbẹ̀ rárá, A kọ̀ọ̀kan lè gbé O sábẹ́, O méjèèjì á pàdé. Èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ ni kí O àti O bí A tàbí B, tàbí kí AB àti O bí O. Síbẹ̀ ó láwọn nǹkan tó ṣọ̀wọ́n bí irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Bombay lọ́dún 1952, tí àyẹ̀wò á ní O ni ẹnì kan, tó sì jẹ́ pé ó ní jíìnì A tàbí B nínú. Ẹni tó bá ní iyèméjì gidi, DNA ni kó lọ ṣe, kó yé wo etí ọmọ.

Àgbẹ̀_Ìwé:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti èmi kún un, torí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé jíìnì ló ń dá gbogbo nǹkan ṣe, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ológbò Siamese. Purotéènì tó ń ṣe àwọ̀ dúdú nínú ara ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ níbi tó bá gbóná, torí ẹ̀ ni ìkùn àti ẹ̀yìn ẹ̀ fi mọ́, tí etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù tó tutù sì dúdú. Tẹ́ ẹ bá fá irun ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ sì fi nǹkan tútù sí i, èyí tó máa hù á dúdú. Jíìnì kan náà, ara kan náà! Ọmọ tí ebi pa láti kékeré náà, ó lè ní jíìnì gíga kó má ga.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì tí onílé sọ, kò sí jíìnì ọwọ́ òsì kan báyìí, ó pọ̀, oríire inú oyún náà sì wà níbẹ̀. Ìbejì ajọra tí DNA wọn jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan lè lo ọ̀tún kí èkejì lo òsì. Irú ẹ̀ náà ni kíká ahọ́n tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé pé jíìnì kan ló ń ṣe é. Sturtevant, onímọ̀ jíìnì ará Amẹ́ríkà kan, ló sọ bẹ́ẹ̀ ní 1940, ní 1952 ẹlòmíì wo ìbejì ajọra, ó rí i pé ọ̀kan lè ká a kí ìkejì má lè ká a, ó ti wó nìyẹn, àmọ́ àwọn tíṣà ò tíì jáwọ́ (ẹ má bínú tíṣà).

Ọmọ_Ìkẹyìn:
Hahaha. Ẹ̀gbọ́n mi tó ga yẹn máa ń gbé irin, apá ẹ̀ ti yọ bọ̀ǹbọ̀, ó ní àwọn ọmọ òun máa gba apá yẹn bí wọ́n bá dé. Ṣé òótọ́ ni?

Àgbẹ̀_Ìwé:
Kó máa bá irin gbígbé lọ fún ìlera ẹ̀, ọmọ ò ní gba apá. Ọmọ lè gba ara tó máa tètè yọ iṣan tó bá gbé irin tiẹ̀. August Weismann, ará Jámánì kan, ti dán an wò ní àwọn ọdún 1880: ó gé ìrù eku, ó jẹ́ kí wọ́n bí, ó tún gé ti ọmọ, ìran lẹ́yìn ìran, gbogbo ọmọ tó ń bọ̀ ló ń gbé ìrù ẹ̀ wá lódindi. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí apá kì í wọ inú àtọ̀ lọ kọ ara ẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ń wọlé ní tuntun ni àṣìkọ. Nígbàkigbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń da DNA kọ, ó ń ṣàtúnṣe àṣìkọ ara ẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ń bọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń wá sáyé pẹ̀lú nǹkan bí 60 sí 70 lẹ́tà tí kò sí lára ìyá tí kò sí lára bàbá, èyí tó pọ̀ jù wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ó sì ń pọ̀ sí i bí bàbá ṣe ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ṣe nǹkan kan, díẹ̀ ń ba nǹkan jẹ́, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kan ń wúlò. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ tá à ń sọ yìí ti kọ́kọ́ jáde, pípààrọ̀ tí tíṣà ní krómósómù ń ṣe, ohun tó ti wà nílẹ̀ ló kàn ń tún tò.

Ibi tí ìyàtọ̀ ò bá sí, ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní Ireland, ọ̀dùnkún kan tí wọ́n ń pè ní Lumper ni àwọn tálákà gbára lé jù, gígé ni wọ́n ń gé e gbìn, torí náà gbogbo ẹ̀ DNA kan náà. Lọ́dún 1845 àrùn kan wọ̀ ọ́, kò sí èyí tó ní ohun tó lè fi dúró láàárín wọn, oko jẹrà lọ rẹpẹtẹ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló kú sínú ìyàn náà.

Ìyá_Àkọ́bí:
Àǹtí Láàbù, ẹ ṣé mà, mo ti ka ti yín fún ọkọ mi. Tá a bá fẹ́ bí òmíràn, ṣé a lè mọ̀ kó tó dé?

Àǹtí_Láàbù:
Ẹ lè mọ̀ mà. Láti bí ọ̀sẹ̀ kọkànlá oyún, dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe lè mú díẹ̀ lára ibi ọmọ fún àyẹ̀wò, tàbí kó dúró di ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún kó fa omi inú oyún díẹ̀. Méjèèjì ní ewu kékeré kí oyún bàjẹ́, kí ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé ìyẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà. Ọ̀nà kẹta wà, kí wọ́n da ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta, kí wọ́n yẹ àwọn tó bá so wò, kí wọ́n wá fi èyí tí kì í ṣe SS sínú. Owó ẹ̀ ga. Èyí ó wù kẹ́ ẹ yàn, ẹ lọ rí ẹni tó ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn lórí jínótáìpù kẹ́ ẹ tó lóyún, ẹ mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀yin méjèèjì dání, tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tún un ṣe níbòmíì, torí mo ti rí AS tí wọ́n kọ AA fún. Tẹ́ ẹ bá sì bímọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò láàárín ọ̀sẹ̀ tó dé, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn tó máa dáàbò bò ó tó bá jẹ́ SS.